Ta Ni Yóò Jí Lóru? Ìbéèrè Yín Lórí Àgọ́ Ìsinmi Àwọn Ọmọ Tó Ní Àtọ̀gbẹ

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu bà á nínú abala yìí pé ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì òru ní àgọ́ ìsinmi àwọn ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ, lẹ́tà ò yé wọlé. Mo mú mẹ́rin níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni n ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí ohun tí ìyá yẹn béèrè ni gbogbo òbí tí mo ti pàdé lẹ́nu géètì àgọ́ ń béèrè, bí ẹnu wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 12 ni ọmọbìnrin mi. Ọdún mẹ́rin rèé tí wọ́n ti sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ló ní. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì sùn mọ́jú rí. Aago 2 òru ni mo máa ń dìde lọ wo ṣúgà rẹ̀, tọ̀sán tòru ni nọ́ńbà rẹ̀ sì ń hàn lórí fóònù mi. Dókítà ti wá ní kó lọ sí àgọ́ ọlọ́jọ́ méje nígbà ìsinmi gígùn. Ọmọ ń fò fáyọ̀, èmi ò rí oúnjẹ jẹ. Ta ni yóò jí lóru? Wọ́n tún ní àgọ́ náà ò fẹ́ kí òbí máa wo nọ́ńbà ọmọ láti ilé. Ṣé ó bójú mu bẹ́ẹ̀? Èmi, Ìyá Tí Kì Í Sùn.

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin.

Èmi ni yóò jí lóru. Bí kì í bá ṣe èmi, ẹlòmíràn ni, tó jẹ́ pé nítorí kó má baà sùn gan-an ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn yí ibẹ̀ ká, kí ẹ lè fojú inú rí i.

Kí iná tó kú ní alẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ti wọn ṣúgà rẹ̀, alábòójútó ilé wọn á sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ mẹ́jọ ló ń gbé ilé kan níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀dọ́ alábòójútó méjì tó ń sùn tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí ló ní àtọ̀gbẹ fúnra wọn. Ìwé yẹn á wá dé ọ̀dọ̀ dókítà àti àwa nọ́ọ̀sì. A ó jókòó yí tábìlì ká, a ó máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló pẹ́ jù nínú omi lónìí? Ta ló sáré jù? Ta ni kò jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tán? Ibẹ̀ la ti ń pinnu ẹni tí yóò jẹ ìpápánu kó tó sùn, ẹni tí a ó dín ínsúlínì rẹ̀ kù (abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀), àti ẹni tí n ó yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tó bá di aago 12, mo gbé tọ́ọ̀ṣì mi. Aṣọ pupa fẹ́lẹ́ ni mo fi dì í lójú, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà ta ọmọ jí. Ẹ̀yin náà á ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ọmọ tí àtọ̀gbẹ ti bá gbé pẹ́ ò ní kí ẹ jí òun. Mo kàn máa ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ni, yóò na ìka kan sí mi láti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ ò ní là. N ó gún un, ẹ̀jẹ̀ á kan bébà, kí nọ́ńbà tó yọ, ìka ti padà wọlé. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ohun tó pa mí lẹ́kún nìyẹn, àwọn ìka kéékèèké tó ń yọ jáde nínú òkùnkùn láìbéèrè pé ta ni.

Òru àgọ́ le ju òru ilé lọ, n kò ní parọ́ fún yín. Ọmọ tó ti sáré, tó wẹ odò, tó gun òkè láti àárọ̀, ara rẹ̀ ò tíì parí iṣẹ́ nígbà tó bá sùn. Iṣan ara tó ti lo ṣúgà tó fi pa mọ́ yóò máa fà á padà látinú ẹ̀jẹ̀, ìfàpadà yìí sì lè máa lọ títí di wákàtí 24. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè wà dáadáa ní aago 9 alẹ́, kí ṣúgà rẹ̀ sì já ní aago 2. A kì í dúró dè é. Láti ọjọ́ kìíní ni dókítà àgọ́ ti máa ń dín ínsúlínì ọ̀pọ̀ ọmọ kù, ìdá 10 sí 20 nínú 100 ti èyí tí wọ́n ń lò nílé, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé tí wọ́n fi lé ọmọ lọ́wọ́ bọ̀ wálé pé ínsúlínì rẹ̀ kéré, ẹ má rò pé wọ́n gbàgbé ni.

Ọmọkùnrin kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 142 (mg/dL ni ẹ̀rọ tiwa ń kà) nígbà tó fẹ́ sùn. Nọ́ńbà gidi. Ṣùgbọ́n ó ti gun òkè lọ́sàn-án, ó sì ti fi ìpápánu rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Aago 2 kọjá díẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tutù, aṣọ ibùsùn ti rin fún òógùn. Mo wọ̀n ọ́n: 51. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 70 la ti ń pè é ní ìjákulẹ̀ ṣúgà (ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ń ka mmol/L, 3.9 ni), 51 kì í ṣe ohun tí à ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí. Mo gbé e jókòó, ó lè gbé nǹkan mì, mo fún un ní omi ọsàn tó ní gíráàmù 15 ṣúgà nínú. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ mi, ìyẹn dídúró. Ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò tíì ṣe é rí á rò pé ó yẹ kí òun máa da omi ọsàn sí ọmọ lẹ́nu láìdáwọ́ dúró. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo aago, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó di 63. Ó tún mu gíráàmù 15 mìíràn. A tún dúró. 88. Mo fún un ní bisikíìtì díẹ̀ kí ó má tún já, alábòójútó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ọmọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò rántí nǹkan kan. Ká ní kò lè gbé nǹkan mì ni, glucagon wà nínú àpò ìbàdí mi, oògùn tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà tó pa mọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. N kì í gbé àpò yẹn sílẹ̀, àní bí mo bá ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ó wá ku ti fóònù. Ìyá wa, mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló ń dùn yín, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ àgọ́ náà. Ẹ pa ìfihàn nọ́ńbà orí fóònù náà. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára ọmọ yín, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù, kì í wọn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi tó wà lábẹ́ awọ ló ń wọ̀n, ó sì máa ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan rẹ̀yìn. Bí ọmọ bá sùn lé e lórí, ó lè ka nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Nílé, ẹ ó dìde, ẹ ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó parí. Níbi tí ẹ ti jìnnà, kí lẹ ó ṣe? Ẹ ó pè. Mo ti rí ìyá tó pe fóònù àgọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lóru ọjọ́ kan nítorí nọ́ńbà 48 tí ń bẹ lójú fóònù rẹ̀, nígbà tí èmi dúró ti ọmọ náà, tí ìka rẹ̀ sì ń sọ fún mi pé 117. N kò bínú sí i. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi, ìkeje ni mi ò bá pè. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ń dá a lóhùn, ọmọ méje mìíràn ń dúró dè mí. Nọ́ńbà tí ẹ ń wò láti ilé, ọmọ ò sí nínú rẹ̀. Ẹ ò lè fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí ẹ mọ bí wọn yóò ṣe pè yín. Ẹ béèrè pé: nínú irú ọ̀ràn wo ni ẹ ó pè mí lójú ẹsẹ̀, èwo ni ẹ ó sọ fún mi bí ilẹ̀ bá mọ́? Ṣé dókítà ń sùn nínú àgọ́ ni àbí ó ń wá lọ́sàn-án nìkan? Ta ló mọ glucagon lò nínú ilé tí ọmọ mi yóò sùn? Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń débẹ̀ lóru? Àgọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè báyìí. Èyí tó bá ń fi ẹ̀rín dá yín lóhùn, ẹ mú ọmọ yín padà sílé.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ń kó ínsúlínì sí, ìdí rèé. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ, ẹni kan kó ìgò ínsúlínì sínú kúlà, ó tò wọ́n ti yìnyín láìfi aṣọ sí i láàrin. Wọ́n dì. Nígbà tó yọ́, ó mọ́ gaara bí omi, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọmọbìnrin kan gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, nọ́ńbà ń gòkè: 240, 310, 365. A tún gún un, kò já. A yẹ kítónì wò nínú ìtọ̀, ìyẹn èròjà kíkan tí ara ń tú jáde nígbà tí ínsúlínì ò bá tó, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ní ká da ìgò yẹn nù, ká ṣí tuntun. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ọmọ ti ń bọ̀ wálẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn òbí létí: èyí tí a kò tíì ṣí, inú firíìjì, láàrin 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí a ti ń lò lè wà níta, kí ooru ibẹ̀ má ju 30 lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ 28. Ínsúlínì tó bá ti dì rí, ìdọ̀tí ni. Ẹ di ìlọ́po méjì ohun tí ọmọ nílò sí báàgì rẹ̀, ẹ sì fi í lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ fúnra yín.

Ní òru àkọ́kọ́, ẹ ó ṣì dìde ní aago 2. Ara yín ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ mu omi, ẹ padà sùn. Aago yẹn náà ni èmi ń wọ ilé wọn.

Ẹ kúùrọ́lẹ́ mà. Ọmọ ọdún 13 ni mí, ọmọkùnrin. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi àti màmá mi ní dandan kí n lọ sí àgọ́ yẹn, mi ò fẹ́ lọ. Mi ò fẹ́ wà láàrin àwọn aláìsàn. Ní ilé ìwé, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń gún abẹ́rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi olùkọ́ kan. Ohun mìíràn tún wà, mà. Ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà mi sí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni mo kàn ń dá kọ. Bí mo bá kọ òótọ́, wọ́n á bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ mi.

Ọkọ mi, o ṣé tí o kọ̀wé. Orúkọ rẹ ò ní jáde níbí.

Apá kejì lẹ́tà rẹ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló kánjú. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dá a mọ̀ kí n tó kà á dé ìdajì: bíírò kan náà ló kọ ọjọ́ mẹ́wàá, ọwọ́ ìkọ̀wé ò yí padà, gbogbo nọ́ńbà wà láàrin 110 sí 150. Kò sí ọmọ ọdún 13 kankan láyé tí nọ́ńbà rẹ̀ ń rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, nítorí mo rò pé kò sẹ́ni tó ti sọ ọ́ fún ọ. Bí ara rẹ ṣe ń dàgbà yìí, tí ohùn rẹ ń yí, tí o ń ga, omi ìdàgbàsókè tó ń ṣe é kì í jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tó tó ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún 10 lè má tó ọ mọ́ rárá. Nọ́ńbà tó ga ní àkókò yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ó kàn ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n yí ìwọ̀n rẹ padà ni, wọn ò sì lè yí i bí wọn ò bá mọ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí rèé. Ní àgọ́, dókítà yóò wo ìwé rẹ ní ọjọ́ kìíní, yóò sì fi í díwọ̀n ínsúlínì tí yóò fún ọ fún ọjọ́ tí o máa sáré káàkiri láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ìwé yẹn bá sọ pé 130 nígbà tí òótọ́ jẹ́ 290, ìṣirò gbogbo wa ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí o fi ń wọ̀n ní ìrántí nínú, ṣé o mọ̀? Mú un bọ̀. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì níbi ìforúkọsílẹ̀, sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rọ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìwé.” Gbólóhùn kan yìí tó. Yóò yé e. Èmi kọ́ ni yóò bínú sí ọ, kò sì sí nọ́ọ̀sì kan tó ti sùn nínú àgọ́ rí tí yóò bínú. Bí o bá lè sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ kí ìsinmi tó dé, ó dára jù. Fi abala yìí hàn wọ́n bí ọ̀rọ̀ ò bá jáde lẹ́nu rẹ. Ẹ̀yin òbí rẹ̀, bí ẹ bá ń ka èyí, ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé nígbà tí ọmọ bá sọ nọ́ńbà fún yín, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yín jẹ́ “o ṣé tí o wọ̀n ọ́n”. Kí ẹ tó béèrè ohun tó jẹ.

Ó wá kan ti àwọn aláìsàn. Ọmọ kan bí ìwọ wá ní ọdún kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tó jẹun, ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri. Alábòójútó bi í pé kí ló ń wá. Ó ní òun fẹ́ lọ gún abẹ́rẹ́ òun. Alábòójútó náà, ọmọ ọdún 20, ò sọ nǹkan kan. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè níbi tó jókòó sí, ó gún tirẹ̀ níkùn, ó ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọ yẹn wo yíká. Gbogbo tábìlì ló ń gún. Ẹnì kan ń tẹ pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tó ń fún ara ní ínsúlínì, ẹnì kan ń bi ẹnìkejì pé gíráàmù mélòó ló wà nínú oúnjẹ yìí, ẹnì kan ń pariwo pé “119! Ta ló sún mọ́ mi jù?” torí wọ́n ń ta á bí ayò. Ó jókòó padà. Kò sẹ́ni tó wò ó. N kò rò pé mo ti rí ojú ọmọ tó tú ká bẹ́ẹ̀ rí.

N kò ní sọ fún ọ pé ìwọ yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má bá ọ lára mu, àwọn kan wà tí wọ́n ń fẹ́ padà sílé ní ọjọ́ kejì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fún ọjọ́ méje, o ò ní ṣàlàyé ara rẹ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan kékeré tó o rò pé ìwọ nìkan ló ń ṣe ọ́, bí inú ṣe máa ń bí ọ láìnídìí nígbà tí ṣúgà bá ga, bí o ṣe ń purọ́ pé ebi ò pa ọ́ kí o má baà gún, wọn yóò sọ ọ́ jáde kí ìwọ tó sọ ọ́. Lọ lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì, mo kí yín. Bàbá ọmọ ọdún 14 ni mí. Kí ló dé tí ọmọ mi ò ní lọ sí àgọ́ tí gbogbo ọmọ ń lọ, tó fi jẹ́ ti àwọn alátọ̀gbẹ nìkan? Mo sì gbọ́ pé wọ́n ń jẹ nǹkan dídùn níbẹ̀. Irú ìtọ́jú wo nìyẹn?

Bàbá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ó lè lọ sí àgọ́ gbogbo ọmọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí tiwa fún ọdún kan tàbí méjì, tí wọ́n sì lọ sí ti gbogbo ayé lẹ́yìn náà láìbẹ̀rù, torí wọ́n ti mọ bí wọ́n á ṣe sọ fún àjèjì pé “bí mo bá ń gbọ̀n, fún mi ní omi ọsàn”. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rán an lọ síbẹ̀, ẹ rí i dájú pé àgbà kan wà níbẹ̀ tí kò ní sá bí ó bá rí abẹ́rẹ́.

Ní ti pé ó yẹ kí wọ́n ní tiwọn, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣáájú 1922, ọmọ tó bá ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ò ní ìrètí kankan. Ohun tí àwọn dókítà mọ̀ ni kí wọ́n fi ebi mú un kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún yẹn, ní Toronto ní Kánádà, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 bíi ti ọmọ yín, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí Frederick Banting àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ti àkọ́kọ́ ò mọ́ tó, ó bá a lára jà. Nǹkan bí ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, wọ́n fún un ní èyí tí wọ́n ti yọ́ mọ́ dáadáa, ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀. Ẹ wò ó, kò tó ọdún mẹ́rin sí i, ní 1925, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Leonard Wendt fi ṣí àgọ́ fún àwọn ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ ní Michigan, ní Amẹ́ríkà. Ní 1932, òmíràn ti wà fún àwọn ọmọbìnrin ní Massachusetts, lórí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ti bí Clara Barton, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà sílẹ̀. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbà tí mo bá ń yípo lóru. Gbàrà tí wọ́n rí ohun tí kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ kú, ohun tó kàn tí ẹnì kan rò pé wọ́n nílò ni ibi tí wọ́n á ti ṣeré.

Lórí nǹkan dídùn: òótọ́ lẹ gbọ́. Ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ò jẹ ṣúgà ní àjẹjù kó tó ṣe é. Agbára tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ló ṣìnà, tó ba àwọn ibi tó ń ṣe ínsúlínì nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, jẹ́. Nítorí náà, èèwọ̀ kọ́ la fi ń kọ́ wọn, ìṣirò ni. Bí dókítà bá ti ní ẹyọ ínsúlínì kan fún gíráàmù 10 oúnjẹ afúnnilókun, tí ohun tó wà nínú àwo jẹ́ gíráàmù 40, ẹyọ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ yín á ṣe ìṣirò yìí ju ìgbà 20 lọ, pẹ̀lú ẹni tó ń wò ó. Ọmọ tí a bá kàn ń sọ fún pé “má jẹ”, níkọ̀kọ̀ ni yóò ti jẹ, láìgún abẹ́rẹ́. Lẹ́tà tó ṣáájú tiyín, ẹ padà lọ kà á.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ sí àgọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ti pé ọmọ ọdún 19, wọ́n sì ti gbà mí láti padà lọ ṣe alábòójútó. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Kí ni kí n mọ̀?

Àbúrò mi, inú tèmi dùn ju tìrẹ lọ.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ alábòójútó tó ní àtọ̀gbẹ máa ń gbàgbé jù ni ara wọn. Wọ́n á wọn ti ọmọ mẹ́jọ, wọn ò ní wọn tiwọn. Wọ́n á sáré pẹ̀lú wọn látàárọ̀, ínsúlínì wọn ò ní dín. Ní ọdún tó kọjá, alábòójútó ni ẹni tó kọ́kọ́ já ní ilé kẹta, ó jẹ́ 58, àwọn ọmọ ló sì mọ̀ ọ́n, nítorí ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ọdún 11 kan ló sáré gbé omi ọsàn wá fún un. Kọ nọ́ńbà tìrẹ sínú ìwé ilé yín pẹ̀lú tiwọn, kí o kọ èyí tó burú gan-an, níṣojú wọn. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo lè ṣe fún wọn tó tó ìyẹn.

Kí wọ́n tó wọ omi, kí wọ́n wọ̀n. Àwọn tó ń lo pọ́ǹpù tí wọ́n bá yọ ọ́ láti wẹ̀, kí o mọ aago tí wọ́n yọ ọ́. Bí wákàtí kan bá ti kọjá, pè wọ́n jáde. Wọn yóò bẹ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Má gbà. Ọmọ tó bá ń bì, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ju 250 lọ, má dá a dúró sínú ilé kí o máa wò ó, pè wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ní láti yẹ kítónì rẹ̀ wò. Èyí tó ń sunkún ilé ní òru kejì, wọn ṣúgà rẹ̀ kí o tó tù ú nínú, nígbà mìíràn ohun tó ń sunkún ni ṣúgà tó já. Bí ó bá sì dára, jókòó tì í. Ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́.

Lóru, fi bàtà rẹ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ á ti rí i, má ti àpótí tí omi ọsàn wà nínú rẹ̀ pa, kí o sì sún ibùsùn rẹ kúrò lọ́nà kí n má baà fẹsẹ̀ gbá a nínú òkùnkùn. Tí o bá rí ìmọ́lẹ̀ pupa lẹ́nu ọ̀nà ní aago 12, èmi ni.